Ìrìn Ẹsẹ̀ ní Erédò Súńgbọ́: Àgbéyẹ̀wò Ilé Iṣẹ́ Tó Mú Wa Lọ

Ohun tó mú mi kọ àgbéyẹ̀wò yìí ni fèrè tí ọ̀dọ́mọkùnrin ilé iṣẹ́ ìrìn àjò afẹ́ kan fọn lé wa lórí nínú yàrà Erédò, odi àti yàrà àtijọ́ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, nígbà tí ẹsẹ̀ wa ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ ilẹ̀ ibẹ̀. A kò tíì dé ibi tí yàrà náà ti jìn jù. Ìyá àgbà kan tó ti Ṣágámù wá ṣì gbé ọwọ́ lé ògiri yangí, ó ń wo bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń gba àárín ewé wọlé, ni fèrè náà dún, tí wọ́n sì ní kí gbogbo wa máa padà sínú ọkọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe dé ibẹ̀. Orí WhatsApp ni mo ti bá arábìnrin tó ń gba owó sọ̀rọ̀, n kò sì rí àléébù kankan lára rẹ̀. Ó gba ₦15,000 lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó sì ṣe ìlérí ìrìn wákàtí mẹ́ta, oúnjẹ ọ̀sán, àti afinimọ̀nà tó jẹ́ ọmọ àdúgbò. Kò sí ìbéèrè mi tí kò dáhùn. Ó kìlọ̀ fún mi pé kí n wọ bàtà tó di ẹsẹ̀ mú àti aṣọ alápá gígùn nítorí ẹ̀fọn, ó sì sún ọjọ́ ìrìn náà síwájú fúnra rẹ̀ nígbà tí òjò ńlá rọ̀, torí pé yangí máa ń yọ̀ bí ó bá tutù. Ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ni.

Ṣùgbọ́n aago méje tí wọ́n dá fún wa ní Ìjẹ̀bú-Òde, aago mẹ́wàá ń lọ lù kí ọkọ̀ tó ṣí, nítorí pé wọ́n ń dúró de àwọn tó ń ti Èkó bọ̀. Ní Òkè-Ẹ̀rí, níbi tí àwọn ènìyàn gbà pé ibojì Bílíkísù Súńgbọ́, obìnrin tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe Erédò, wà, a kò ju kí a kí àwọn tó ń tọ́jú ibẹ̀ lọ tí wọ́n fi ní kí a máa bọ̀. Mo gba ìyẹn mọ́ra, nítorí pé ìrìn inú igbó gan-an ni mo torí rẹ̀ wá.

Nígbà tí a dé ẹnu yàrà, ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n fi ṣe olórí wa yọ fóònù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sí wa létí pé odi àti yàrà yìí gùn tó kìlómítà 160, pé láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí odi tó mítà 20 ní àwọn ibì kan, àti pé láti ọdún 1995 ni orúkọ rẹ̀ ti wà lára àwọn ibi tí wọ́n fẹ́ kí UNESCO kà mọ́ ogún àgbáyé. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ó wá fi kún un pé ayaba Ṣeba inú Bíbélì ló gbẹ́ ẹ, ó sì sọ ọ́ bí ẹni tó rí i. Èyí kò dùn mọ́ mi nínú, nítorí pé àwọn awalẹ̀pìtàn tó ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kò rí ohunkóhun tó fi hàn pé odi náà pẹ́ tó ìgbà Sólómọ́nì. Iye ọdún tí wọ́n fún un kéré sí ìyẹn gan-an. Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn baba ńlá Ìjẹ̀bú tó fún wa láti fi yangàn, láìyá ògo ẹlòmíràn.

Lẹ́yìn ìwé kíkà yìí ni a sọ̀ kalẹ̀ sínú yàrà, kò sì pẹ́ rárá tí fèrè fi dún. Mo bi í léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú, Mọ̀mí, awakọ̀ ló ń kánjú." Mo rán an létí ìlérí wákàtí mẹ́ta. Ó ní wákàtí tí a lò lójú ọ̀nà wà lára rẹ̀. Mo ní kí ó fi ibi tí wọ́n kọ bẹ́ẹ̀ sí hàn mí; ó yíjú kúrò lọ́dọ̀ mi, ó tún fọn fèrè náà lẹ́ẹ̀kejì sí ìyá tó lè bí ìyá rẹ̀. Ìgbà yìí ni inú bí mi dé góńgó. A kì í fọn fèrè pe àgbàlagbà nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, yálà ó san owó tàbí kò san.

Àgbẹ̀ kan wà níbẹ̀, bàbá tí oko kòkó rẹ̀ bá odi náà pààlà, tí ilé iṣẹ́ yìí sì háyà láti fi àdá la ọ̀nà fún wa. Kò tíì sọ̀rọ̀ láti àárọ̀. Ó ní, "Ẹni tó bá fẹ́ rìn, kó máa tẹ̀ lé mi. Ẹni tó bá rẹ̀, kó lọ jókòó sínú ọkọ̀." Ó yíjú sí ìyá Ṣágámù, ó ní, "Ẹ rọra tẹ̀ ẹ́, ìyá, ibí yìí ń yọ̀." Àwa tó tẹ̀ lé e pọ̀ ju àwọn tó padà lọ.

Bí a ṣe ń wọ inú lọ ni ooru ń dínkù, títí ara wa fi bẹ̀rẹ̀ sí í tutù ní ọ̀sán gangan. Ògiri yangí dúró ṣánṣán lápá ọ̀tún àti lápá òsì, ewé tútù wẹ́wẹ́ sì bò ó bí aṣọ àrán. Ọmu ń ṣẹ́ wálẹ̀ láti inú ihò ara ògiri, gbòǹgbò igi tó wà lókè sì na ara rẹ̀ wá sísàlẹ̀ láti wá omi. Bàbá kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, àfi bí ó bá rí ohun tó yẹ kí a rí. Ó dá wa dúró kí a lè gbọ́ ìró ìyẹ́ àgbìgbò tó ń fò kọjá lókè. Ó já agbáyun fún wa, ó ní kí a jẹ ẹ́, kí a jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ lẹ́nu, ó wá gé ọsàn wẹ́wẹ́ lé e, ọsàn kíkan náà sì dùn bí ẹni pé kò kan rí.

Lẹ́yìn náà ni ó mú wa gun orí odi, ibẹ̀ ni mo sì ti ní òye iṣẹ́ náà. Iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n wà jáde láti inú yàrà ni wọ́n kó jọ sí apá inú ìlú, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá ń bọ̀ láti ìta yóò kọ́kọ́ bá kòtò pàdé, odi yóò sì tún ga lé e lórí. Bàbá ní ohun tí àwọn bàbá òun sọ ni pé Súńgbọ́ jẹ́ opó olówó tí kò bímọ, tó fẹ́ kí ohun kan jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ó fi ibì kan hàn wá tí wọ́n ti bẹ́ odi láti kó iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ lọ kọ́lé. Ojú rẹ̀ yí padà bó ṣe ń fi í hàn wá, inú èmi náà sì bàjẹ́ níbẹ̀, nítorí pé kò sí ẹni tó lè mọ ibi tí wọ́n bẹ́ yẹn padà bó ṣe wà.

Nígbà tí a padà, ọkọ̀ ṣì wà níbẹ̀. Awakọ̀ fúnra rẹ̀ ló pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: "Mọ̀mí, èmi kò sọ pé mo ń kánjú o. Wọ́n ní àwọn mìíràn ń dúró dè wọ́n ní Ẹ̀pẹ́ ni." Ìkọ́kọ́rẹ́ tí wọ́n bù fún wa gbóná, ewùrà rẹ̀ kò ṣomi, ẹja gbígbẹ rẹ̀ kò sì nídọ̀tí, obìnrin tó sè é kò kánjú.

Ní alẹ́, ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà pè mí, ó fara balẹ̀ gbọ́ mi, ó tọrọ àforíjì, ó sì dá ₦5,000 padà. Mo béèrè iye tí wọ́n san fún Bàbá. Ó ní ₦2,000. Mo sọ fún un pé owó náà kéré, kò sì jiyàn, ṣùgbọ́n kò ṣèlérí.

Máàkì tí mo fún wọn ni 4 nínú 5. Bí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ lọ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ arábìnrin orí WhatsApp kí ẹ tó sanwó bóyá àgbẹ̀ tí oko rẹ̀ wà níbẹ̀ ni yóò ṣáájú yín. Bí ó bá ní àgbẹ̀ náà ni, ẹ mú owó díẹ̀ dání fún un.