Àbọ̀ ìwádìí ọ̀fẹ́ lórí dúróònù: ẹ kà á kí ẹ tó sanwó

Ọ̀fẹ́ ni, ó sì sàn ju ẹnu ọlọ́jà lọ. Àbọ̀ ìwádìí lórí dúróònù, ọkọ̀ òfuurufú kékeré tí kò ní awakọ̀ nínú, fún iṣẹ́ àgbẹ̀ ni mo ń sọ, èyí tí ìgbìmọ̀ APET ti Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà gbé jáde ní 2018. Iṣẹ́ ìgbìmọ̀ náà ni láti yẹ ìmọ̀-ẹ̀rọ tuntun wò kí àwọn ìjọba tó náwó lé e lórí. Calestous Juma, ọ̀jọ̀gbọ́n ọmọ Kẹ́ńyà, wà lára àwọn tó ṣe alága rẹ̀. Ó kú ní oṣù Kejìlá 2017, kò rí ìwé náà kó jáde.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ alágbàdo kan ní Kétu, ní Bẹ̀nẹ̀, ni mí. Ọlọ́jà kan ní kí a san àsansílẹ̀, dúróònù òun á máa fọ́n oògùn sóko wa. Ibi tí ìwé yìí ti sọ̀rọ̀ òfin ló là mí lójú: ẹ̀rọ ìfọ́noògùn tí à ń gbé kọ́ ẹ̀yìn kò gba àṣẹ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ọkọ̀ òfuurufú ni dúróònù, àwọn tó ń ṣọ́ ojú sánmà ló ń yọ̀ǹda fún un. Mo bi ọlọ́jà léèrè ìwé àṣẹ. Ó ní òun ń bọ̀. A ṣì ń retí rẹ̀.

Àléébù ìwé náà ni pé ìjọba ni wọ́n kọ ọ́ fún, gbogbo Áfíríkà ni wọ́n sì ń bá sọ̀rọ̀ pọ̀. Iye tí hẹ́kítà kan máa jẹ wá ní Kétu kò sí níbẹ̀. Màmá tó jẹ́ akápò wa kò gbọ́ èdè tí wọ́n fi kọ ọ́, èmi ni mo jókòó túmọ̀ rẹ̀ fún wọn títí ilẹ̀ fi ṣú, àwọn ni wọ́n sì béèrè ìbéèrè tó gbọ́n jù: bí afẹ́fẹ́ bá gbé oògùn lọ sínú ẹ̀gẹ́ aládùúgbò, ta ni yóò san owó ohun tó bá bàjẹ́?

Ti àwọn Faransé rọrùn jù ú lọ. OPECST, ọ́fíìsì ilé aṣòfin wọn tó ń yẹ sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀-ẹ̀rọ wò láti 1983, ní aṣojú-ṣòfin 18 àti aṣòfin àgbà 18, wọ́n sì ń kọ ìwé ojú ewé mẹ́rin lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Mo lè ka ọ̀kan tán kí ẹ̀kọ àárọ̀ mi tó tutù. Nínú ẹgbẹ́ EPTA, tí irú àwọn ọ́fíìsì bẹ́ẹ̀ ní Yúróòpù dá sílẹ̀ ní 1990, orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan máa ń kọ apá tirẹ̀ sínú ìwé kan náà. Irú rẹ̀ ni mo fẹ́ ká ní: apá kan fún Bẹ̀nẹ̀, apá kan fún Nàìjíríà, kí alágbàdo Kétu àti ti Ìmẹ̀kọ lè fi tiwọn wéra.

Máàkì mi, 7 nínú 10. Apá òfin ni kí ẹ kọ́kọ́ kà. Ọ̀rọ̀ ìṣáájú àti ìdúpẹ́, ẹ fò wọ́n.