Ilé ìyáwèé àwọn ọmọdé kan ní Kàbà: ₦500 owó ariwo

Rìsíìtì náà ṣì wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni "Owó ariwo, ₦500." Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni wọ́n bu owó náà lé, ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kò sì ju pé ó ń kàwé, ó bú sẹ́rìn-ín.

Mi ò ní dárúkọ ilé ìyáwèé náà. Owó sáà kò wọ́n, fáànù ń fẹ́ bí iná bá wà, ẹ̀ní wà nílẹ̀, ó parí.

Fẹ́mi ọmọ mi kì í ṣe ọmọ tó fẹ́ràn ìwé. Bí mo bá ní kó mú ìwé báyìí, òùngbẹ á gbẹ ẹ́, orí á fọ́ ọ, ìtọ̀ á máa gbọ̀n ọ́n. Ìdí tí mo fi sanwó nìyẹn. Ní Sátidé ọjọ́ yẹn, òun fúnra rẹ̀ ló fa ìwé Ìjàpá kan tí èèpo rẹ̀ ti ya yọ láàárín àwọn ìwé. Ó kà á dé ibì kan, ó rẹ́rìn-ín, ó yíjú sí ọmọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi Owé, ẹ̀ka èdè Yorùbá tí à ń sọ ní Kàbà, sọ ìtàn náà fún un. Ọ̀gá ilé ìyáwèé dìde, ó gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e sí orí pẹpẹ tí ọwọ́ ọmọdé ò lè tó.

Nígbà tí mo débẹ̀, mo kí i, "Ọ̀kun o, sà." Ó dáhùn, kò gbójú sókè. Mo béèrè ohun tí ọmọ ṣe.

"Màmá Fẹ́mi, ibi ìwé kíkà nìyí, kì í ṣe ọjà. Èkejì, Yorùbá ló ń kà. Ṣé ẹ ò gbọ́ pé ìjọba ti fagi lé e ni?"

Mo gbọ́. Ọdún 2022 ni ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó di oṣù kọkànlá ọdún 2025, wọ́n ní àwọn ò ṣe mọ́, Gẹ̀ẹ́sì ni. Ṣùgbọ́n tíṣà inú kíláàsì ni wọ́n ń bá wí. Ta ló ṣòfin fún Ìjàpá? Ohun tó wá dùn mí jù ni pé àwòrán Ìwé Ìròhìn ni ọ̀gá gbé kọ́ sókè orí ara rẹ̀, ìwé ìròyìn tí Henry Townsend fi Yorùbá tẹ̀ ní Abẹ́òkúta lọ́dún 1859 kí ìwé kíkà lè mọ́ àwọn èèyàn lára. Mo nawọ́ sí i. Ó bojú wẹ̀yìn, ó wò ó, ó ní, "Ìyẹn ti pẹ́."

Ó dáa, kó fún mi ní rìsíìtì. Ó wá òǹtẹ̀ títí nínú dúrọ́ọ̀. Íńkì ti gbẹ. Ó há èémí sí i, "hàà, hàà," ó tẹ̀ ẹ́, ìdajì orúkọ ló jáde. Ó tún há èémí sí i. Ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ rẹwà o, n ò ní parọ́ mọ́ ọn.

Fẹ́mi ní òun ò lọ mọ́. Mo ní kò burú.

Àǹtí tó ń bá a ṣiṣẹ́ ló yí ọ̀rọ̀ padà. Ó yà sí ṣọ́ọ̀bù mi pẹ̀lú ìwé Ìjàpá náà nínú ọ̀rá dúdú, ó ti kọ orúkọ Fẹ́mi sí rẹ́jísítà pé ó yá a. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ mú un wá lọ́jọ́ Ọjọ́rú. Èmi ni ọ̀gá fi Ọjọ́rú lé lọ́wọ́, wọ́n máa ń lọ sí Lọ́kọ́ja."

Mo tẹ̀ lé ọmọ lọ, mo jókòó sẹ́yìn, mò ń rán ihò bọ́tìnì. Ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ìwé tó wù ú. Ẹni tó mú ti ọmọ kékeré, kò sẹ́ni tó fi ṣe yẹ̀yẹ́. Àǹtí ń kà sókè, ó ń fi ọwọ̀ ìgbálẹ̀ ẹyọ kan tọ ìsàlẹ̀ ìlà kọ̀ọ̀kan kí ojú wọn lè máa bá ohùn rẹ̀ lọ. Bí Yorùbá inú ìwé bá ta kókó, á fi Owé sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, á máa bá tirẹ̀ lọ. Ọmọ Ìsánlú kan ní bẹ́ẹ̀ kọ́ ni Yàgbà ń sọ ọ́. Wọ́n jiyàn, ó jẹ́ kí wọ́n jiyàn. Ó wá kà dé ibi tí Ìjàpá ti bu àsáró gbígbóná sínú fìlà nílé àna, tó dé e mórí, tí àna sì ń bọ̀ wá sìn ín sọ́nà.

Ó pa ìwé dé. Pàá!

Ẹ wá gbọ́ igbe! "Àǹtí, ẹ kà á tán!" Ó ní, "Ìwé rèé. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀, kó kà á." Fẹ́mi àti ọmọ Ìsánlú yẹn rọ́ lu ìwé náà, díẹ̀ ló kù kí wọ́n fà á ya. Ọmọ tí ìtọ̀ máa ń gbọ̀n! Ní báyìí, ó ń kàwé fún mi nídìí ẹ̀rọ. Bí mo bá fẹ́ tẹ ẹ̀rọ, á ní, "Màmi, ẹ dúró ná."

Àléébù ṣì wà o. Àwọn ìwé Yorùbá tó wà níbẹ̀ kò kún ọwọ́. Ìwé òkè òkun ló pọ̀, yìnyín ń bọ́ lójú ewé gbogbo. Kọ́kọ́rọ́ ilé ìtọ̀ sì máa ń bá ọ̀gá dé Lọ́kọ́ja, ẹ̀yìn ilé làwọn ọmọ ń lọ.

Ìràwọ̀ 2 nínú 5. Mo ti san owó sáà tó ń bọ̀, ti Fẹ́mi àti ti àbúrò rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mú ọmọ lọ, Ọjọ́rú ni kí ẹ mú un lọ, kó sì ti tọ̀ kó tó kúrò nílé.