Lẹ́sìn báọ́lọ́jì tí mo ń lọ l'Òkè-Baálẹ̀, l'Òṣogbo: ó dáa gan-an, ṣùgbọ́n ẹ mú abẹ̀bẹ̀ dání

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi mí nípa lẹ́sìn ọjọ́ Sátidé yẹn, mi ò ní dárúkọ ibẹ̀ torí mo fẹ́ bú wọn díẹ̀. 2,000 náírà ni ìjókòó kan. Wọ́n ní aago 10, tíṣà dé ní 11 kọjá, àga ò tó, èmi àti ọmọbìnrin kan tó wá láti Alẹ́kúwódò la jọ há mọ́ra lórí bẹ́ǹṣì kan.

Àmọ́ nígbà tó lanu báyìí, mo dárí jì í. Chaperone ló kọ́ wa, àwọn purotéènì tó ń ran purotéènì tuntun lọ́wọ́ nínú bakitéríà kó lè ká bó ṣe yẹ, ohun tí mo ti kà lẹ́ẹ̀mẹta tí ò yé mi. Ó ní ká wo ribosome, ẹ̀rọ tó ń ṣe purotéènì nínú sẹ́ẹ̀lì, bí ibi ìkúnlẹ̀, purotéènì ń jáde níbẹ̀ bí okùn gígùn, agbẹ̀bí tó dúró sẹ́nu ọ̀nà ni wọ́n ń pè ní trigger factor, kí okùn yẹn tó jáde tán ló ti gbà á mú, torí àwọn ibì kan wà lára ẹ̀ tí kì í fẹ́ rí omi, bí epo pupa, inú ló yẹ kí ibẹ̀ sá pamọ́ sí tó bá ká tán, tó bá wà níta pẹ́nrẹ́n á lẹ̀ mọ́ ti ẹlòmíì, gbogbo ẹ̀ á di kókó bí àmàlà tí wọn ò rò jinná. Ọ̀pọ̀ ò nílò ju agbẹ̀bí yẹn lọ. Àwọn míì, chaperone méjì tó ń jẹ́ DnaK àti DnaJ á dì wọ́n mú, wọ́n á tún tú wọn sílẹ̀, ATP, ìyẹn owó agbára inú sẹ́ẹ̀lì, ni wọ́n ń ná sí i. Àwọn olórí kunkun, bí ìdá 10 nínú 100 nínú bakitéríà E. coli, ó di ọ̀dọ̀ chaperone tó ń jẹ́ GroEL.

GroEL yìí ni mo fẹ́ràn jù o! Tíṣà gbé garawa pénǹtì méjì, ó fi ìdí kan ìdí, ó dé ọ̀kan lómọrí. Òrùka méjì, ẹ̀yà purotéènì 7 nínú ìkọ̀ọ̀kan, purotéènì míì tó ń jẹ́ GroES ni ọmọrí. Purotéènì kan ṣoṣo á dá wọlé, bí ìṣẹ́jú àáyá 10, wọ́n á ṣí i, tí ò bá tíì ká, á tún padà wọlé.

Ibẹ̀ ni iná lọ. Fáànù dúró, òógùn bò wá, ló bá ní bó ṣe ń ṣe bakitéríà náà nìyẹn tí ooru bá ti 37°C lọ sí 42°C, purotéènì tó ti ká á bẹ̀rẹ̀ sí í tú, ni wọ́n á bá sáré ṣe chaperone kún chaperone. Ẹ̀rín pa wá.

Ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó: ó ní chaperone ló ń pinnu bí purotéènì ṣe máa rí. Mo nawọ́, mo ní ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣebí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó ń jẹ́ Anfinsen tú purotéènì kan tó ń jẹ́ ribonuclease nínú ìgò, tó tún fúnra ẹ̀ ká padà, ó tiẹ̀ gba Nobel ní 1972, bí amino acid, àwọn ègé tó para pọ̀ di okùn purotéènì, ṣe tò tẹ̀léra ló ń pinnu ẹ̀, chaperone kàn ń gbà á lọ́wọ́ ẹgbẹ́kẹ́gbẹ́ ni. Ó ronú díẹ̀, ó nu bọ́ọ̀dù, ó ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi.

Máàkì 4 nínú 5. Ẹ má san owó oṣù kan papọ̀ o, ìjókòó kọ̀ọ̀kan ni kẹ́ ẹ máa san, tẹ́ ẹ bá sì dé kó tó di 11, ẹ̀yin lẹ máa nu bẹ́ǹṣì.