Òkúta ìpọ́nbẹ 1000 fún abẹ ìfárùngbọ̀n: ohun tí ojú mi rí ní Kubwa

Àgbọ̀n mi kò bá kílípà rẹ́. Tí mo bá fá irùngbọ̀n lónìí, kó tó di ọ̀túnla, kókó á ti yọ sí mi lọ́rùn bí ẹni tí ẹ̀fọn jẹ mọ́jú. Ìdí nìyẹn tí mo fi tọrọ abẹ bàbá wa àgbà lọ́wọ́ bàbá mi nígbà tí mo lọ sílé ọdún ní Ìkirè. Onígbàjámọ̀ ni bàbá àgbà nígbà ayé wọn. Irú abẹ tó ń padé sínú èèkù ara rẹ̀ ni, wọ́n sì kọ Solingen sí i lára, ìyẹn ìlú kan ní Jámánì tí ọ̀bẹ àti abẹ sọ di olókìkí. Láti 1938 ni òfin wọn ti dáàbò bo orúkọ yẹn, kí ẹlòmíì má baà máa kọ ọ́ sára irin tí wọn ò ṣe níbẹ̀. Irin abẹ náà ṣì dára. Ẹnu rẹ̀ ni kò sí mọ́. Ó ti kúnu débi pé èèyàn lè fi yún ẹ̀yìn.

Òkúta kan ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, ṣùgbọ́n kí n kọ́kọ́ sọ ti méjì tó jẹ mí lówó.

Àkọ́kọ́ ni òkúta aláwọ̀ eérú olójú méjì, èyí tí àwọn alápatà fi ń pọ́n ọ̀bẹ. Ọjà Kubwa, ní Abuja, ni mo ti rà á. Fún ọ̀bẹ ẹran, mi ò ní ẹjọ́ kankan bá a rò. Ṣùgbọ́n abẹ kì í ṣe ọ̀bẹ ẹran. Nígbà tí mo fi awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wo ẹnu abẹ náà, ṣe ló rí ṣákaṣàka bí eyín ayùn. Èyí tó tún burú jù ni pé òkúta náà ò tẹ́jú, àárín rẹ̀ ti jìn sínú. Kò pẹ́ tí ẹnu abẹ bàbá àgbà náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í rí wọ́kuwọ̀ku.

Ìkejì, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti rà á: irin pẹlẹbẹ tí wọ́n lẹ iyẹ̀ dáyámọ́ńdì mọ́ lójú, tí wọ́n kọ 3000 sí, nọ́ńbà tó yẹ kó máa sọ bí iyẹ̀ rẹ̀ ṣe kúnná tó. 3000 kẹ̀! Bí mo ṣe fọwọ́ kàn án ni mo mọ̀ pé ẹni tó kọ nọ́ńbà yẹn kàn ń bá wa ṣeré ni. Ó fi ìlà jíjìn sára abẹ ju òkúta alápatà lọ. Mo kọ̀wé sí ẹni tó tà á, kò fèsì títí dòní.

Wọ́n ní ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wẹnu àáké. Ẹni tó máa gbé abẹ sí ọ̀nà ọ̀fun ara rẹ̀ ní tiẹ̀, kó yáa wẹnu abẹ dáadáa.

Ìkẹta rèé: Shapton Kuromaku 1000, aláwọ̀ ọsàn. Japan ni wọ́n ti ṣe é. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló bá mi rà á bọ̀ láti London. Gígùn rẹ̀ jẹ́ 210 mm, ó fẹ̀ tó 70 mm, ó sì nípọn tó 15 mm. Inú àpótí oníke ló wà, àpótí náà lẹ sì máa dojú rẹ̀ dé, tí ẹ ó gbé òkúta lé lórí tí ẹ bá ń ṣiṣẹ́. Ẹ fi aṣọ tútù sábẹ́ rẹ̀ kó má baà máa yọ̀. Tí a bá ṣẹ́ owó rẹ̀ sí náírà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àpò ìrẹsì kan. Títí dòní ni ìyàwó mi ń bi mí pé irú òkúta wo ló ń jẹ́ àpò ìrẹsì.

Kí ló dé tí mo fi mú 1000? Nọ́ńbà yẹn ń sọ bí iyẹ̀ inú òkúta ṣe kúnná tó, bó bá ṣe ń ga sí i náà ni iyẹ̀ ń kúnná sí i. Iṣẹ́ tí abẹ mi nílò sì ni èyí tí àwọn tó mọ abẹ ń pè ní bevel. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti ẹ̀gbẹ́ òsì gbọ́dọ̀ dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ lọ pàdé ní ìlà kan ṣoṣo, láti ìdí abẹ dé orí rẹ̀, láìfo ibì kan. Tí wọn ò bá tíì pàdé, abẹ yẹn ò tíì ní ẹnu. Ẹ lè gbé e lọ sórí 8000 kí ẹ fà á títí di ọ̀la, ẹ kàn ń mú irin dán ni. Òkúta 300 tàbí 400 á bu irin jẹ ju bó ṣe yẹ lọ, àfi tí ẹnu abẹ bá kán. 4000 náà, ẹ ó jókòó tì í títí tí ẹ̀yìn á fi máa ro yín. 1000 ń yára jẹ irin, síbẹ̀ ìlà tó ń fi sílẹ̀ kò jìn débi tí òkúta tó tẹ̀ lé e ò fi ní lè pa á rẹ́.

Nǹkan kan wà lára abẹ tó dùn mọ́ mi: kò sídìí láti máa fojú díwọ̀n bí ẹ ṣe máa dà á sí bí ti ọ̀bẹ. Ẹ tẹ́ ẹ sórí òkúta, kí ẹ̀yìn àti ẹnu rẹ̀ jọ kanlẹ̀, ó parí. Bí ẹ̀yìn abẹ ṣe nípọn sí ló ń pinnu bí ẹnu rẹ̀ á ṣe dà. Ṣùgbọ́n ìyẹn náà ló fà á tí òkúta fi gbọ́dọ̀ tẹ́jú dáadáa, torí ohun tí òkúta bá jẹ́ ni abẹ máa dà.

Mo fi máákà dúdú kun ẹnu abẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, mo fà á lórí òkúta lẹ́ẹ̀mẹta, mo wò ó. Dúdú ṣẹ́kù síbi ìdí abẹ, bí ìwọ̀n èékánná méjì. Ibi tí òkúta alápatà ti bà á jẹ́ gan-an nìyẹn. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ṣe é, ní alaalẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́, láìtẹ ọwọ́ mọ́ ọn. Ọwọ́ wíwúwo ni àṣìṣe tí mo kọ́kọ́ ṣe, ẹnu abẹ tín-ínrín máa ń tẹ̀ lábẹ́ ọwọ́ wíwúwo. Lálẹ́ ọjọ́ kẹta, dúdú lọ pátápátá. Mo rọra gbé abẹ kọjá lórí irun apá mi, irun já láìjẹ́ pé mo fa ara.

Ọ̀rọ̀ omi ló jẹ́ kí n fẹ́ràn òkúta yìí jù. Ládùúgbò wa, mẹrúwà ló ń ti omi wá nínú kẹ́ẹ̀gì. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Lugbe ní King 1000, ọmọ Japan lòun náà. Òkúta dáadáa ni, ó rọ̀ ju tèmi lọ, ọwọ́ sì máa ń gbádùn rẹ̀. Àmọ́ ó gbọ́dọ̀ mumi fún ìṣẹ́jú 10 sí 15 kó tó ṣe é lò, rírọ̀ rẹ̀ sì ń jẹ́ kí àárín rẹ̀ tètè jìn. Tèmi, omi ìwọ̀nba tí mo fọwọ́ wọ́n sí i ti tó, kò tilẹ̀ fẹ́ kéèyàn rẹ òun sómi pẹ́.

Ẹ ṣọ́ra fún ọyẹ́ o. Ní oṣù kìíní ọdún, kí n tó fa abẹ lọ bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ojú òkúta ti gbẹ. Eruku tó ń fẹ́ wá láti òkè ọ̀hún tún ń bà lé e, ẹyọ iyanrìn kan ṣoṣo sì lè ba iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta jẹ́. Balùwẹ̀ ni mo kó lọ, mo ti fèrèsé, mo gbé báàfù omi sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn ọmọ rò pé inú ń run mí.

Òkúta líle ni, ohun tí òkúta líle ń ṣe náà ló ń ṣe: irin dúdú máa ń dí i lójú, á wá máa yọ̀ dípò kó máa jẹ irin. Mo ra gíláàsì tó nípọn lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe fèrèsé ní Dei-Dei, mo sì ra wọ́tà pépà, èyí tí àwọn tó ń kun mọ́tò ní Apo ń lò. Mo fi pẹ́ńsù fa ìlà síwá sẹ́yìn lójú òkúta, mo tẹ́ pépà sórí gíláàsì, mo da omi sí i, mo sì ń ha òkúta lórí rẹ̀ títí gbogbo ìlà fi parẹ́. Kódà nígbà tó ṣì jẹ́ tuntun, mo ha á kí n tó lò ó. Ìlà tó wà láàárín ló pẹ́ parẹ́ jù, ẹ rí i pé tuntun náà kì í tẹ́jú tán.

Bàbá Hausa kan tó jẹ́ wanzami, ìyẹn onígbàjámọ̀, máa ń jókòó nítòsí ọjà wa. Mo gbé abẹ lọ bá wọn, mo kí wọn dáadáa, mo ní kí wọ́n bá mi wò ó. Wọ́n rọra fi ẹnu rẹ̀ kan èékánná àtàǹpàkò, wọ́n fà á láti ìdí dé orí, wọ́n rẹ́rìn-ín. “Ya yi kyau,” ó dára. Ṣùgbọ́n wọ́n ní òkúta nìkan ò tó, wọ́n nawọ́ sí awọ tó rọ̀ mọ́ àga wọn, èyí tí wọ́n ń fa abẹ lórí rẹ̀. Òótọ́ sì ni. Ẹ má fi ẹnu abẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí 1000 kan ojú yín, ó máa bó o. Mo yá òkúta Norton 4000 àti 8000 lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi ti Lugbe, lẹ́yìn náà ni mo fa abẹ lórí bẹ́líìtì awọ mi àtijọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ síwájú, bí ìgbà 50.

Tó bá jẹ́ owó òkúta kan ṣoṣo lẹ ní, mo ní kí ẹ fi ra 1000 tó dára. Ẹ lè yá 8000, ẹ sì lè fi bẹ́líìtì ṣe awọ. Ẹ fojú fo àwọn tó ń ta mẹ́rin pọ̀ nínú páálí kan.

Láti ìgbà náà, abẹ ò tíì padà sórí 1000 mọ́, awọ nìkan ni, àti 8000 lẹ́ẹ̀kan. Kókó ọrùn mi ti lọ, àyàfi ẹyọ méjì lábẹ́ etí òsì tí ọwọ́ mi ò tíì mọ bó ṣe máa yí dé. Òkúta alápatà ti bọ́ sí ilé ìdáná, ìyàwó mi ló ni ín báyìí, ó sì ti kìlọ̀ pé tí òun bá rí ọ̀bẹ kankan lórí òkúta àpò ìrẹsì, òun kọ́ ló gbé e débẹ̀.