Yóga pẹ̀lú ewúrẹ́: ẹni tó wọ bàtà òjò ló mọ iṣẹ́

Ó kù díẹ̀ kó pé ogún ìṣẹ́jú tí a ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí inú bí mi. Àwa méjìlá la wà lórí ọwọ́ àti orúnkún, a tẹ́ ẹ̀yìn bíi tábìlì, olùkọ́ yóga sì ń ka èémí fún wa: mẹ́rin wọlé, mẹ́fà jáde. Ewúrẹ́ mẹ́sàn-án ló wà láàárín wa. Èyí tó kéré jù nínú wọn, ọmọ dúdú kan, dúró sẹ́bàá ọgbà, ó ń ké. Ewúrẹ́ tó ń tọrọ oúnjẹ a máa ké ní kúkúrú, á sì dákẹ́ tó bá ti rí ọwọ́ èèyàn. Igbe tèyí gùn, ó ń lọ sókè, ojú rẹ̀ ò sì kúrò lára ọgbà. Olùkọ́ ní, “Ẹ má dá a lóhùn. Ẹ jẹ́ kó kọjá lórí yín bí atẹ́gùn.”

Ẹran tó ń wá ìyá ẹ̀ ni wọ́n ní ká fi ṣe atẹ́gùn.

Ẹni tó gbà wá ni obìnrin tó ń tọ́jú àwọn ewúrẹ́ náà. Bàtà òjò ló wọ̀, kò sì bọ́ ọ kó tó gba àárín ẹní wa kọjá. “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ dúró ná,” ló sọ fún olùkọ́. Ó ki ọwọ́ kan bọ abẹ́ àyà ọmọ ewúrẹ́ náà, ó fi ìkejì gbé ìdí rẹ̀ ró, ó fà á mọ́ra kí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin má baà máa jù. (Ẹni tó bá fa ọmọ ewúrẹ́ ní ẹsẹ̀ kan lè mú kí oríkèé rẹ̀ yẹ̀.) Ó gbé e kọjá ọgbà sọ́dọ̀ ìyá. Ọmọ náà fi orí kan ọmú lẹ́ẹ̀mejì, ìrù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jù, ariwo tán. Nígbà tí obìnrin náà padà dé, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gbogbo wa: òun ló ṣèèṣì kà á mọ́ àwọn tó ti já lẹ́nu ọmú. Olùkọ́ ò sọ nǹkan kan. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ka mẹ́rin, mẹ́fà.

Láti ìgbà yẹn, obìnrin yìí ni mo ń wò. Ewúrẹ́ fẹ́ràn ibi gíga. Nínú ọgbà tí kò sí àpáta tàbí àpótí, ẹ̀yìn èèyàn ló ga jù, ìdí nìyẹn tí ipò tábìlì fi ń pè wọ́n. Ẹni tó bá nà gbalaja, irun rẹ̀ ni wọ́n á máa jẹ. Ọmọ tó wọn kílò mẹ́rin lè dàbí ohun fúyẹ́, àmọ́ orí pátákò kéékèèké mẹ́rin ni gbogbo rẹ̀ dúró lé, ó sì ń gún ni. Àárín èjìká méjèèjì ló yẹ kó dúró sí. Tó bá sún sí ìbàdí, ẹ fa ikùn wọlé, ẹ má jẹ́ kí ẹ̀yìn yín tẹ̀ wọnú, kí ẹ wá rọra fi ìdí lé gìgísẹ̀: á rìn sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ má yí gbìrì.

Ará ibi ìgbowó ti fún kálukú ní ife ọkà kan lẹ́nu ọ̀nà, pé ká máa dà á sẹ́yìn ara wa. Obìnrin náà gba gbogbo rẹ̀. Àlàyé rẹ̀ ò gùn: bí ọkà bá pọ̀ lójijì nínú àpòlùkù ewúrẹ́, á kan, ikùn á wú, ẹran lè kú. Yàtọ̀ síyẹn, ibi tí ọkà bá wà ni àwọn àgbà náà máa gùn. Ẹ̀yà kékeré tí wọ́n ń pè ní Nigerian Dwarf ni wọ́n. Ọmọ wọn sábà máa ń tó nǹkan bíi kílò kan lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, àmọ́ àgbà lè tó kílò 30. Ta ló fẹ́ pọn ìyẹn?

Ṣé yóga yìí ń ṣe ara lóore? Ìwé ìpolówó wọn ní ó ń lé àníyàn lọ, ó ń mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀, ó ń mú oorun wá. Àsọdùn pọ̀ níbẹ̀. Ọdún 2016 ni obìnrin kan, Lainey Morse, gbé yóga pẹ̀lú ewúrẹ́ jáde lóko rẹ̀ ní Oregon, ní Amẹ́ríkà. Nǹkan àná ni. Ìwádìí kan tí Washington State University gbé jáde ní 2019 fi hàn pé cortisol, èròjà tí ara ń tú jáde nígbà tí ọkàn ò bá balẹ̀, dín kù nínú itọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó fi ìṣẹ́jú 10 fọwọ́ pa ajá àti ológbò lára. Ajá àti ológbò ni o, kì í ṣe ewúrẹ́, kò sì sẹ́ni tó ṣe yóga níbẹ̀.

Ohun tí mo rí nìyí. Kò sẹ́ni tó lè ka mẹ́rin, mẹ́fà nígbà tí ewúrẹ́ bá fò lé ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ẹ̀rín á bú jáde, èémí gígùn tí olùkọ́ ti ń bẹ̀ wá fún á sì bá ẹ̀rín náà jáde. Èjìká tó ti le gbagidi já wálẹ̀. Nígbà tó di ìdùbúlẹ̀ ìparí, àwọn àgbà ewúrẹ́ wá dùbúlẹ̀ sáàárín ẹní, wọ́n ń jẹ àpọ̀jẹ. Ẹran tí ẹ̀rù ń bà kì í jẹ àpọ̀jẹ. Ẹ̀ ń gbọ́ ìró eyín wọn, bíi ẹ̀ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú-àáyá, ooru ara wọn sì ń kan ẹsẹ̀ yín. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ la fi wà bẹ́ẹ̀. Mi ò rí kíláàsì yóga tó mú èèyàn dákẹ́ tó báyìí rí. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ yóga gan-an, kó gba ibòmíràn lọ: nínú 60 ìṣẹ́jú, bóyá 20 la fi ṣe é.

Lẹ́yìn náà la dé ẹnu géètì. Ọtí ìfọwọ́ nìkan ni wọ́n gbé síbẹ̀. Mo béèrè omi, ará ibi ìgbowó ní, “Ẹ fọkàn balẹ̀, gbogbo kòkòrò ló ń pa.” Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọtí ìfọwọ́ kì í pa Cryptosporidium, tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru, tó sì máa ń wà nínú ìgbẹ́ àwọn ọmọ ẹran. Omi tó ń ṣàn àti ọṣẹ, fún ìṣẹ́jú-àáyá 20, ló ń fọ̀ ọ́ dànù. Fọ́ọ̀mù wọn béèrè orúnkún, ó béèrè ẹ̀yìn, kò béèrè oyún, bẹ́ẹ̀ ewúrẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ wà lẹ́yìn ọgbà lọ́hùn-ún. Coxiella burnetii, kòkòrò ibà Q, máa ń pọ̀ nínú omi ìbímọ àti ibi ọmọ tó ń jáde lára ewúrẹ́ tó bá ní in, ó ń bá eruku wọ imú, ó sì lè ba oyún jẹ́. Kí aboyún má wọ ibẹ̀.

Ẹní wọn pẹ̀lú: aláṣọ ni. Ìgbẹ́ ewúrẹ́ gbígbẹ ṣeé gbá, ìtọ̀ ń rin wọnú aṣọ. Rọ́bà tó ṣeé nù ló yẹ. Kò sì sẹ́ni tó ní ká bọ́ yẹtí, tàbí ká ká okùn ṣòkòtò wọlé. Okùn tí ewúrẹ́ bá gbé mì lè dí i nífun.

Obìnrin tó wọ bàtà òjò ló gbé kẹ́ẹ̀gì omi aláẹ̀rọ àti ọṣẹ jáde níkẹyìn, láìsẹ́ni tó rán an, ó sì dúró tì í títí ẹni kejìlá fi fọwọ́.

Ìràwọ̀ 2 nínú 5. Mo ti sanwó fún ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.