Caller tune: orin tí a ń rà fún etí ẹlòmíràn

Ọjà díẹ̀ ló wà tí ẹni tó sanwó rẹ̀ kì í jẹ àǹfààní rẹ̀, caller tune sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ẹ ó sanwó orin fún ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù, orin náà yóò máa dún sí etí gbogbo ẹni tó bá pè yín kí ẹ tó gbé ìpè, ṣùgbọ́n ẹ̀yin gan-an kò ní gbọ́ ọ, àfi bí ẹ bá yá fóònù ẹlòmíràn láti fi pe ara yín. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé tí mò ń ṣe ní Ìbàdàn kò jẹ́ kí n lè ṣe kí n má pe oníbàárà lójúmọ́, mo sì ti sanwó ètò yìí lórí nọ́ńbà tèmi náà, nítorí náà mo mọ̀ ọ́n láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń rà á àti láti ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n ń kọ ọ́ sí létí láì bẹ̀ wọ́n. N kò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ tí mò ń lò. Ohun tí mo fẹ́ yẹ̀ wò ni bí ètò náà ṣe rí, nítorí bí ẹnìkan bá mọ̀ọ́mọ̀ jókòó láti ṣe ẹ̀rọ tí yóò máa gbin orin sí àwọn ènìyàn lórí, kò dá mi lójú pé yóò ṣe èyí tó péye ju caller tune lọ.

Ètò náà kò ti ọ̀dọ̀ wa bẹ̀rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ SK Telecom ní Kòríà Gúúsù gbé e jáde fún àwọn oníbàárà rẹ̀ ní ọdún 2002, kó tó tàn dé ilẹ̀ Áfíríkà. Inú fóònù kọ́ ni orin náà ń gbé, inú kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ni. Bí ìpè bá ti wọlé, dípò ìró “tùù, tùù” tí gbogbo wa mọ̀, kọ̀ǹpútà náà yóò fi orin sí etí ẹni tó ń pè. Kì í ṣe odidi orin. Ègbè, tàbí ibi yòówù tó bá dùn jù nínú orin náà, ni wọ́n sábà máa ń gé jáde, nítorí ìpè kì í dún pẹ́ kó tó já, bí ẹni tí à ń pè bá sì ń jáfara, ègbè náà lè tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè.

Àwọn tó ń ṣe ìwádìí lórí orin tó ń há síni lórí ti rí ohun púpọ̀ tó bá èyí mu. Ní Finland, nígbà tí wọ́n bi àwọn tó ń lo íntánẹ́ẹ̀tì léèrè, tí iye wọn sì lé ní 12,000, nǹkan bí mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá wọn ló ní ó ń ṣe àwọn, ó kéré tán, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ní ọdún 2016, Kelly Jakubowski àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ iṣẹ́ kan jáde tí wọ́n gbé ka ìdáhùn 3,000 ènìyàn. Wọ́n kó orin 100 tí àwọn ènìyàn ní ó ń há sí àwọn lórí, wọ́n sì fi wọ́n wé orin 100 mìíràn tó gbajúmọ̀ bákan náà ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni kò dárúkọ. Orin “Bad Romance” ti Lady Gaga ni wọ́n dárúkọ jù. Ohun tí wọ́n rí ni pé orin tó ń háni lórí sábà máa ń yára díẹ̀, ohùn rẹ̀ máa ń gòkè tó sì máa ń sọ̀kalẹ̀ lọ́nà tí etí ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, síbẹ̀ yóò ní ibì kan tí kò rí bíi ti yòókù, bóyá kí ohùn fò sókè lójijì tàbí kí wọ́n tún ohun kan náà kọ ju bí a ti retí lọ. Àwọn olùwádìí mìíràn fi kún un pé orin tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́, tí a sì ń gbọ́ lemọ́lemọ́, ló máa ń tètè padà wá.

Ẹ wá fi caller tune sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Oníbàárà mi kan tó ń tẹ ìwé ìpè ìgbéyàwó fi orin tàkasúfèé kan sórí nọ́ńbà rẹ̀, òun náà kì í sì í gbé ìpè lẹ́ẹ̀kan. Akọrin náà yóò sọ gbólóhùn kan, yóò tún un sọ, yóò gbé ohùn sókè nígbà tó bá ń sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, bó bá sì ti ya ẹnu láti fi gbólóhùn kẹrin parí rẹ̀ báyìí ni oníbàárà mi yóò sọ pé “Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n.” A ó sọ ọ̀rọ̀ àwọ̀ ìwé, a ó sọ iye tí yóò tẹ̀, a ó dágbére, n ó sì padà sí ìdí ẹ̀rọ ìgéwèé, ibẹ̀ ni gbólóhùn kẹrin yóò ti wá parí ara rẹ̀ fúnra rẹ̀ nínú orí mi, tí yóò sì tún bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1927, Bluma Zeigarnik, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, tẹ iṣẹ́ kan jáde tó fi hàn pé iṣẹ́ tí wọ́n dá dúró láìparí máa ń dúró lọ́kàn ènìyàn ju èyí tí ó ti parí lọ. Àwọn kan ń rò pé bẹ́ẹ̀ náà ni orin tí a gé lójijì ṣe ń rí. Àwọn olùwádìí kò fẹnu kò lórí èyí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń pe ogún oníbàárà lójúmọ́ kò ní bá wọn jiyàn.

Bí orin náà ṣe ń dún gan-an yẹ kí a sọ, nítorí ohun tí a rà nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n ṣe tẹlifóònù fún. Láti ayé wáyà ni ohun tó ń gba inú rẹ̀ kọjá ti mọ sí nǹkan bí 300 sí 3,400 Hz (Hz ni wọ́n fi ń wọn bí ìró ṣe rẹlẹ̀ tàbí ga sí), èyí tó tó fún ọ̀rọ̀ sísọ ṣùgbọ́n tí kò tó fún orin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìpè orí 4G lè gbòòrò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìlù tó ń dún wúwo nísàlẹ̀ kò ní dé etí, ìró tó mú jù lókè kò ní dé etí, ẹ̀rọ tó ń fún ohùn pọ̀ sì ń ṣe orin bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ni. Mo ti gbọ́ fújì olóhùn iyọ̀ kan lórí nọ́ńbà ẹnìkan tó ń dún bí ìṣó tí wọ́n ń gbọ̀n nínú agolo. Ohun tó máa ń yè nínú rẹ̀ ni ohùn akọrin àti bí ohùn náà ṣe ń lọ sókè sódò, ìyẹn gan-an sì ni ènìyàn lè fi imú kùn. Lédè tiwa ọ̀rọ̀ náà tún lágbára sí i, nítorí ohùn orin Yorùbá máa ń tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ dé ìwọ̀n púpọ̀. Bí ìró rẹ̀ tilẹ̀ fọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń dé etí, a sì ń ru ọ̀rọ̀ àti orin lọ sílé pọ̀. Ewì, oríkì, orin tí ẹnìkan dá kọ láìsí ọ̀pọ̀ ìlù àti gángan tó ń dá sọ̀rọ̀ ló dára jù lórí ètò yìí, bẹ́ẹ̀ àwọn yẹn ni wọn kì í fi síwájú nígbà tí wọ́n bá ń polówó.

Ní ti owó, ẹdùn ọkàn mi kò kéré. Iye rẹ̀ lóṣù kò tó owó búrẹ́dì, àmọ́ wọ́n ń yọ ọ́ fúnra wọn nígbàkígbà tí mo bá ti fi káàdì sí i, àtẹ̀jíṣẹ́ tó sì yẹ kó sọ fún mi ṣáájú, ẹ̀yìn tí wọ́n bá ti yọ ọ́ tán ló ń dé. Wíwọlé rọrùn: ẹni tó ń pè yóò gbọ́ ohùn obìnrin kan tó já lu orin láti sọ pé kó tẹ ìràwọ̀ bó bá fẹ́ irú rẹ̀, ọmọdé tó ń fi fóònù ṣeré sì lè tẹ̀ ẹ́ fún yín. Jíjáde ló le. Mo fi ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní kí n fi ránṣẹ́ ránṣẹ́, wọ́n dá mi lóhùn pé wọ́n ti gbọ́, wọ́n sì tún yọ owó lóṣù tó tẹ̀ lé e, títí mo fi bá ènìyàn ẹlẹ́ran-ara sọ̀rọ̀ ní ọ́fíìsì wọn. Fífi STOP ránṣẹ́ sí 2442, tí NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ní Nàìjíríà, ṣètò, máa ń dín àtẹ̀jíṣẹ́ ìpolówó kù, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló ń yọ orin tó ti wà lórí nọ́ńbà kúrò.

Fún ẹni tí orin ẹlòmíràn bá ti há sí lórí, wíwá odidi orin náà láti gbọ́ ọ dé òpin ń ran àwọn kan lọ́wọ́. Ní yunifásítì Reading, Phil Beaman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde ní ọdún 2015 tó fi hàn pé jíjẹ ṣingọ́ọ̀mù ń dín orin inú orí kù, nítorí ẹnu àti ahọ́n tó ní iṣẹ́ lọ́wọ́ kò lè máa bá ọkàn kọrin dáadáa. Wọn kò dán pákò wò. Ó ṣe mí bíi kí wọ́n dán an wò.

Bí wọ́n bá bi mí bóyá kí ènìyàn ra caller tune, n ó ní kí oníṣòwò tó fẹ́ kí wọ́n máa rántí òun rà á, nítorí kò sí pátákó ìpolówó tó ń bá ènìyàn wọ ilé bẹ́ẹ̀, kí ó sì yan orin tí òun náà lè fara da ní àárọ̀, ọ̀sán àti alẹ́. Akọrin tó ń dìde bọ̀ náà yóò jàǹfààní rẹ̀, bí ìwé àdéhùn rẹ̀ bá sọ iye tó máa kàn án. Ṣùgbọ́n dókítà, apoògùn àti awakọ̀ tó ń gbé aláìsàn kò gbọdọ̀ lò ó rárá. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti gòkè lóru kò nílò ègbè orin àríyá kí wọ́n tó dá a lóhùn.