16-25 Railcard: ẹni tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún náà lè rà á o

Orúkọ káàdì ẹ̀dínwó reluwé yìí ló ń lé àwa àgbà sá. Púpọ̀ nínú wa tó wá ka másítà ní UK ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, ẹlòmíì ti fi ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta sílé, torí náà tá a bá ti rí "16-25" a ò tiẹ̀ ní kà á síwájú. Ẹ kà á síwájú jọ̀ọ́. Tẹ́ ẹ bá ti jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ full-time, ọjọ́ orí yín ò kàn wọ́n, ẹ báà ti pé àádọ́ta.

£35 ni wọ́n ń tà á fún ọdún kan báyìí (£30 ni kó tó di March 2025), ó sì máa ń yọ ìdámẹ́ta owó tíkẹ́ẹ̀tì reluwé kúrò, yálà ní England, Scotland tàbí Wales. Tíkẹ́ẹ̀tì £60 di bíi £40. Leeds ni mò ń gbé, London ni mo sì máa ń sáré lọ fún gbogbo wàhálà tó ní fọ́ọ̀mù nínú, tèèyàn bá ti lọ lẹ́ẹ̀mejì bẹ́ẹ̀ owó káàdì ti wọlé padà.

Gbígbà á ló ní wàhálà. Ọmọ ọdún 22 á kàn fi pásípọ́ọ̀tù ẹ̀ ra tiẹ̀ lórí fóònù, ó parí. Àwa tá a ti kọjá 25 ní tiwa, fọ́ọ̀mù kan wà tí ilé ìwé gbọ́dọ̀ buwọ́ lù kí wọ́n sì lu òǹtẹ̀ sí i pé akẹ́kọ̀ọ́ full-time ni wá lóòótọ́. Òǹtẹ̀ yẹn gan-an ni ìṣòro! Ní department wa, obìnrin tó wà nídìí tábìlì ṣí dúróọ̀ àkọ́kọ́, kò sí, ó ṣí èkejì, stapler àti páálí tíì ló wà ńbẹ̀, ó wá lọ pe ọ̀gá ẹ̀, ọ̀gá ní àwọn ò lo nǹkan bẹ́ẹ̀ mọ́ látìgbà tí gbogbo nǹkan ti bọ́ sórí kọ̀ǹpútà, ìgbà tó yá ni ẹnìkan rántí pé ọ̀kan wà níbi tí wọ́n ti ń gba lẹ́tà, wọ́n gbé e dé, íǹkì ẹ̀ ti gan, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí lọ́tùn-ún lósì títí ó fi hàn fẹ́ẹ́rẹ́. Fẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ni mo ya fọ́tò ẹ̀ tí mo fi ránṣẹ́, wọ́n sì gbà á. Ẹ tètè lọ wá òǹtẹ̀ yín ní September kí ọ́fíìsì tó kún, ìmọ̀ràn tèmi nìyẹn.

Ẹ má sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni darí yín sí 26-30 Railcard nígbà tẹ́ ẹ lẹ́tọ̀ọ́ sí èyí. Owó kan náà ni, ẹ̀dínwó kan náà, àmọ́ orí fóònù nìkan nìyẹn ń gbé, òfin £12 tiẹ̀ kì í sì í lọ sí ìsinmi rárá.

Òfin £12 wo? Ẹ jẹ́ n sọ ọ́, torí òun ni nǹkan tí mi ò fẹ́ràn nípa káàdì yìí. Láti aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí sí aago mẹ́wàá àárọ̀, Monday sí Friday, ẹ̀dínwó ò lè gbé owó yín wálẹ̀ débi tó máa fi kéré sí £12. Tíkẹ́ẹ̀tì £15 tó yẹ kó di £10, £12 lẹ máa san. Tó bá jẹ́ £9 tẹ́lẹ̀, £9 yẹn náà ni, káàdì ò rí nǹkan ṣe sí i. Torí náà ẹni tó ń ti Leeds lọ ṣiṣẹ́ tàbí placement ní Bradford láràárọ̀, kò ní rí èrè kankan níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn wọ̀nyẹn gan-an ni owó ọkọ̀ ń pa lára jù. July àti August ni wọ́n máa ń mú òfin yẹn kúrò lórí 16-25, ìgbà tí gbogbo wa ti jókòó sílé tá à ń kọ dissertation! Tíkẹ́ẹ̀tì Advance (èyí téèyàn ń rà sílẹ̀ ṣáájú ọjọ́ ìrìn) nìkan ni òfin náà ò kàn láwọn oṣù tó kù.

Ọ̀rọ̀ Advance yìí ló sì jẹ́ kí n fẹ́ràn káàdì yìí ju bí mo ṣe rò lọ. Advance ló máa ń wọ́n kéré jù, wọ́n ti máa ń tà á láti bí ọ̀sẹ̀ méjìlá ṣáájú, ọkọ̀ kan ṣoṣo tẹ́ ẹ mú lẹ lè wọ̀, wọn kì í sì í dá owó ẹ̀ padà bẹ́ ẹ bá yí ọkàn padà. Ó dáa fún ẹni tó ń lọ ìgbéyàwó. Àmọ́ irú ìrìn tiwa ńkọ́? Ẹ fẹ́ lọ ṣe capturing pásípọ́ọ̀tù, wọ́n sún un. Ẹ fẹ́ lọ tẹ̀ka fún físà Schengen kẹ́ ẹ lè lọ wo Paris nígbà Easter (€90 ni físà yẹn fún àgbà látọdún 2024, ẹ sì gbọ́dọ̀ ti fi ìwé sílẹ̀ ó kéré tán ọjọ́ 15 ṣáájú ìrìn), ọjọ́ tó ṣí sílẹ̀ wá lọ bọ́ sọ́jọ́ presentation, lẹ bá tún ń wá òmíì. Owó Advance ti wọmi nìyẹn, àfi kẹ́ ẹ tún san owó láti yí i. Pẹ̀lú Railcard, tíkẹ́ẹ̀tì Off-Peak (ti àsìkò tí èrò ò pọ̀) tí apá wa ò ká tẹ́lẹ̀ á wálẹ̀ débi tá a lè rà á, ọkọ̀ tó bá wù wá la máa wọ̀ láàárín àsìkò tí wọ́n fàyè gbà, tá ò bá sì lọ mọ́ wọ́n á yọ owó díẹ̀ kí wọ́n tó dá ìyókù padà. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń mú appointment àárọ̀ mọ́, aago méjìlá sókè ni mò ń mú, torí Off-Peak ò wọ ọkọ̀ àárọ̀ kùtù lọ́jọ́ iṣẹ́.

Nǹkan míì tí wọn kì í sọ: tẹ́ ẹ bá dé London, ẹ fi káàdì Oyster (èyí tí wọ́n fi ń san owó ọkọ̀ ní London) àti Railcard yín han òṣìṣẹ́ kan ní ibùdó tube, reluwé abẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀, kó so wọ́n pọ̀, ìdámẹ́ta á máa kúrò lówó tube náà ní àsìkò off-peak. Oyster o, kì í ṣe káàdì báńkì. Kò kan bọ́ọ̀sì, àmọ́ bọ́ọ̀sì ò kúkú wọ́n, £1.75 ni mo fi wọ bọ́ọ̀sì 63 láti King's Cross dé Peckham lọ ra èlùbọ́ àti pọ̀nmọ́ ní Rye Lane lọ́jọ́ tí mo parí pásípọ́ọ̀tù mi.

Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì yín lórí website ilé iṣẹ́ reluwé fúnra wọn, àwọn app kan máa ń fi owó iṣẹ́ lé e. Ẹ má sì gbàgbé powerbank, tí fóònù bá kú tí Railcard wà nínú ẹ̀, ẹni tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò ò ní bá yín sọ̀rọ̀ ẹ̀dínwó. Àwọn tí fóònù wọn máa ń kú lójijì, ẹ kúkú gba oníke ẹ̀.

Ti December tá a máa gbé báàgì 23kg méjì relé, mi ò kì í bá reluwé ṣe ìyẹn. Bọ́ọ̀sì ọ̀nà jíjìn ni mò ń wọ̀, wọ́n á gbé ẹrù sábẹ́ ọkọ̀, èmi á sùn.